ỌMỌ YÍN TI DÉ ÒKÈ ÒKUN, Ó ṢÌ Ń GBÁ GÉÈMÙ: Ẹ MÁ TÈTÈ DÁ A LẸ́BI

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń gbé wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. "Pásítọ̀, ẹ bá wa bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. A ta ilẹ̀, a yáwó, a fi rán an lọ sílùú òyìnbó. Wọ́n ní ó ṣì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fi sílẹ̀ níbí gbá géèmù lórí fóònù!" Wọ́n fẹ́ ká pàṣẹ fún un kó pa á rẹ́ pátápátá.

A ò ní pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, ta ló ń bá gbá a? Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni Call of Duty: Mobile jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni kòrónà dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì. Orí géèmù yẹn àti bọ́ọ̀lù orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń rí ara wọn nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni japa tú wọn ká. Ọ̀kan ń tọ́jú arúgbó ní England, ọ̀kan wà ní yunifásítì nílé, ọ̀kan ń tún fóònù ṣe nínú ọjà. Ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ Sátidé, wọ́n á tún pàdé. Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn: "Ara ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín? Púpurú ń wù mí jẹ o!" Ṣé ìbọn nìkan ni wọ́n ń yìn níbẹ̀?

Àwọn bàbá wa máa ń ti oko dé, wọ́n á jókòó ti ọpọ́n ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò 48. Ọ̀ta á máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó dúró yí wọn ká á máa dá sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ara lágbájá ò yá, pé ilé tàmẹ̀dù ń jò. Ta ló pè wọ́n ní ọ̀lẹ? Ọpọ́n yẹn náà ló ti wọnú fóònù yìí.

Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá pè é, kí ló ń sọ fún yín? "Mo wà dáadáa, mà." Kò fẹ́ kí ẹ dààmú. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbá géèmù mọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò yọjú, ó mọ̀ pé ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ìdánìkanwà ń ṣe àwọn èèyàn léṣe débi pé ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní Norway, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mats Steen. Àìsàn iṣan ò jẹ́ kó lè rìn, géèmù ló ń gbá ní tọ̀sán tòru. Àwọn òbí ẹ̀ rò pé kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Ìgbà tó kú ní 2014, lẹ́ni ọdún 25, ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ti ràn lọ́wọ́ nínú géèmù náà, àwọn kan sì rìnrìn àjò láti orílẹ̀-èdè míì wá síbi ìsìnkú ẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ni wọ́n tó mọ ọmọ tí wọ́n bí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó pẹ́ jù ká tó mọ àwọn ọmọ wa.

Ó dáa. A ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ó kàn yín wàyí.

Jeremáyà kọ lẹ́tà sáwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì. Ẹ lọ ka orí 29. Ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Kò sọ fún wọn pé kí ara wà ní Bábílónì kí ọkàn sì wà ní Jerúsálẹ́mù lójoojúmọ́. Géèmù tó so yín mọ́ ilé dáa, àmọ́ tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹnì kankan ní àdúgbò yín, ó ti di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ aago náà. London ò ṣòro, aago kan náà ni tiwa àti tiwọn nígbà ooru, wákàtí kan ló sì fi yàtọ̀ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù ní Toronto, aago méjì tàbí mẹ́ta òru ni ní Òkìtìpupa. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pàdánù oorun. Ọmọ tó ń kàwé ní England, wákàtí 20 péré ni òfin fún ọ̀pọ̀ wọn láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́. Tí géèmù bá tún jẹ èyí tó kù, ìgbà wo lẹ fẹ́ kàwé?

Ìmọ̀ràn wa rèé:

1. Ẹ mú ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, aago tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Tó bá ti tó, ẹ pa á.

2. Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, ẹ so géèmù yín mọ́ ímeèlì. Ọ̀pọ̀ ló gbé líìnì Nàìjíríà jù nù tán, tí wọn ò rí kóòdù gbà mọ́.

3. Tí fóònù bá ń lọ́ra, ẹ má bínú sí ọ̀rẹ́ yín. Ọ̀nà jìn, abẹ́ òkun ni wáyà gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà wọ̀nyẹn bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, gbogbo wa la mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí nígbà yẹn.

4. Ẹ ṣọ́ra fún àpótí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sanwó fún kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Láti 2018 ni ìjọba Belgium ti sọ pé tẹ́tẹ́ ni. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀.

5. Tẹ́ ẹ bá gbìyànjú láti dín in kù tí kò ṣeé ṣe, tó ti ń ba iṣẹ́ àti oorun jẹ́, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì lọ rí dókítà.

6. Ẹ pe ìyá yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ẹ̀yin òbí, dípò kẹ́ ẹ máa bú u, ẹ béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a. Ẹ gba nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín ò bá gbé fóònù, ẹ ó mọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè.

A gbàdúrà pé ọmọ Ìkálẹ̀ tó jáde lọ ò ní sọnù sójú ọ̀nà. Wọ́n á rí iṣẹ́, wọ́n á rí ọ̀rẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn rìn padà wálé. Tó o bá gbà á, kọ Àmín, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà lókè òkun.