Ẹ Má Da Ewé Inú Àpò Ọmọ Yín Nù

Tí Oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé ní Ìlú Ọba, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ àròyé kan lẹ́nu àwọn òbí Yorùbá tó ní ọmọ kékeré níbẹ̀: "Mo ní kọ́mọ lọ kọ́ ABC, ewé gbígbẹ ló ń kó bọ̀ wálé!" Àpò kóòtù ọmọ á kún fún ewé, èso conker àti èèpo igi. Kíá, gbogbo ẹ̀ á ti dénú garawa ìdọ̀tí. Orúkọ tá a sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an, jẹ́lé-ó-sinmi, ń ṣe bíi pé torí kí ilé lè rímú mí nìkan lọmọ ṣe ń lọ síbẹ̀.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìmọ̀ ewéko ni mò ń kà fún oyè másítà, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé nínú ohun tí ọmọ ọdún 4 lè kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ lásìkò yìí, ewé tó já yẹn wà lára èyí tó dáa jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára igi. Ní London, ojúmọmọ máa ń gùn ju wákàtí 16 lọ ní Oṣù Kẹfà. Tó bá fi máa di ìparí Oṣù Kejìlá, kì í tó wákàtí 8 mọ́. Igi máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ọjọ́ ti ń kúrú, òtútù sì ń bọ̀. Kí ìrì dídì tó wá ba ewé jẹ́, igi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èròjà tó ṣe iyebíye kúrò nínú ewé padà sára. Chlorophyll, ìyẹn ohun tó ń mú kí ewé jẹ́ gíríìnì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Ìgbà yẹn la máa wá rí yẹ́lò. Yẹ́lò yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, gíríìnì ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti àwọ̀ inú epo pupa. Ti ewé pupa yàtọ̀: àwọn igi kan ló máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àwọ̀ yẹn lásìkò ìwọ́wé, irú èyí tó wà nínú ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo.

Lẹ́yìn náà, igi á dí ojú ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ewé á sì já. Kì í ṣe pé atẹ́gùn kàn ṣèèṣì já a bọ́, igi fúnra ẹ̀ ló tú u sílẹ̀. Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ wo ẹ̀ka tó bá ṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé orí ẹ̀ á gbẹ, ṣùgbọ́n kò ní já bọ̀rọ̀, torí ẹ̀ka náà ti kú kó tó ráyè tú u sílẹ̀.

Lóòótọ́, ọmọ kékeré ò nílò gbogbo àlàyé yìí. Ohun tó nílò ni kó fojú ara ẹ̀ rí i, kó fọwọ́ kàn án, kó sì béèrè ìbéèrè. Tó bá ń ṣa ewé pupa sọ́tọ̀, tó ń ṣa yẹ́lò sọ́tọ̀, ohun táwa náà ń ṣe ní láàbù ló ń ṣe yẹn. Tó bá to conker láti orí èyí tó kéré jù dórí èyí tó tóbi jù, ìṣirò nìyẹn. Tó bá ju èso igi sycamore sókè tó ń pòyì bọ̀ nílẹ̀ bíi hẹlikópítà, ó ti rí bí ìyẹ́ ṣe ń jẹ́ kí èso rọra balẹ̀, kí atẹ́gùn lè gbé e jìnnà sídìí ìyá ẹ̀. Àní, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní England fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 5 lọ dárúkọ ìyípadà ìgbà nínú ohun tó yẹ kí ọmọ lóye.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo eré ìwọ́wé ló dáa. Kí olùkọ́ ṣe fọ́tókọ́pì ewé kan náà fún ọmọ 20, kó ní kí gbogbo wọn kùn ún ní yẹ́lò, kí ni wọ́n kọ́ níbẹ̀? Ewé gidi ò jọra. Òmíràn níhò, kòkòrò ti jẹ òmíràn, òmíràn gíríìnì lápá kan, ó pupa lápá kejì. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti ń wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹ má wulẹ̀ wa àwòrán ewé maple jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tó ń gbé n'Íbàdàn. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ẹ mú wọn lọ sídìí igi fúrúùtù, níbi tí ewé pupa ti ń já. Ẹ fi àràbà tó ti wọ́wé hàn wọ́n. Kì í ṣe òtútù ni igi ń sá fún níbẹ̀, omi ni kò tó. Ọgbọ́n kan náà ni, ewu ló yàtọ̀.

Ẹ lè dán èyí wò pẹ̀lú ọmọ yín. Ẹ já ewé gíríìnì wẹ́wẹ́ sínú ife gíláàsì, kí àgbà da sípíríìtì díẹ̀ lé e. Ẹ gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná, ẹ má gbé e sórí iná o, torí sípíríìtì máa ń gbaná. Tí sípíríìtì bá ti di gíríìnì, ẹ ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí bọ̀ ọ́. Tó bá tó wákàtí kan, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí yẹ́lò tó sá pa mọ́ sẹ́yìn gíríìnì.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ẹnu ọmọ. Conker kì í ṣe jíjẹ, májèlé wà nínú ẹ̀, èso kéékèèké sì lè há ọmọ lọ́fun. Yàtọ̀ síyẹn, tó bá kó ewé dé lónìí, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì bi í pé: "Èwo ló kọ́kọ́ já nínú gbogbo èyí, báwo lo ṣe mọ̀?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.