Àròkọ: Kókó ọ̀rọ̀ nìkan kò tó

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025 kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tètè gbàgbé. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Nàìjíríà jókòó di alẹ́ nítorí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àjọ WAEC, débi pé iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn mìíràn fi kọ tiwọn. Àlàyé tí àjọ náà ṣe ni pé àwọn kò fẹ́ kí ìbéèrè jáde síta kí àsìkò tó tó. Inú bí àwọn òbí, ó sì yẹ kó bí wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò bèèrè: kí ló dé tí ọmọ tó ti lo ọdún 12 nílé-ìwé fi ní láti wá ìbéèrè kiri kó tó lè kọ ojú ìwé méjì lórí ohun tó ń fojú rí lójoojúmọ́?

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò ní làákàyè. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń sọ kókó ọ̀rọ̀ di ìpínrọ̀. Olùkọ́ á ní kí wọ́n ṣe ìlapa èrò, ìyẹn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn sílẹ̀ wúruwùru. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ sábà máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ á kọ àròkọ tó ti parí sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì há a sórí. Bí ìbéèrè bá wá yà díẹ̀ sí èyí tí wọ́n há sórí, ọ̀rọ̀ di rannto.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Wọ́n ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ wúruwùru pé: “Ọ̀nà kò dáa. Ẹ̀gẹ́ ń jẹrà. Owó mọ́tò wọ́n. Aláìsàn.” Kókó ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá máa kọ lẹ́tà náà, á kàn to wọn tẹ̀ léra wọn ni: ọ̀nà wa kò dáa, ẹ̀gẹ́ wa ń jẹrà, owó mọ́tò ti wọ́n, àwọn aláìsàn ń jìyà. Ìlà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ, tàbí kó máa bẹ alága lórúkọ Ọlọ́run títí ìwé á fi kún.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa ni, ẹyọ kan ni á mú nínú mẹ́rin yẹn, á wá bi í léèrè: báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á? Ta ló kàn? Kí ló já sí? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gẹ́ ló mú, ohun tó máa jáde lè rí báyìí: “Ọ̀nà yìí ti sọ ẹ̀gẹ́ di àdánù fún àwọn àgbẹ̀ wa. Bí wọ́n bá ti hú ẹ̀gẹ́, kì í pẹ́ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí òjò bá sì ti rọ̀, mọ́tò kì í lè wọ abúlé, ọ̀kadà ló kù, ìwọ̀nba sì ni ọ̀kadà lè gbé. Kí ẹ̀gẹ́ yòókù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí nílùú, ó ti ń dúdú nínú, iye tó bá wu wọ́n ni wọ́n á sì san. Owó ilé-ìwé àwa ọmọ ló ń bá ẹrẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí ìpínrọ̀ náà wà fún, àwọn tó tẹ̀ lé e gbè é lẹ́sẹ̀, ìkẹyìn sọ ibi tó já sí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kò sí níbẹ̀, torí ìpínrọ̀ tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Nínú 50 máàkì tó wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC, 10 péré ló jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀. Ètò gba 10, ìlò èdè gba 20, sípẹ́lì, àmì àti gírámà gba 10 tó kù. Ọmọ tó kàn to kókó ọ̀rọ̀ jọ kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn àgbà mọ ẹ̀kọ́ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ ka ìwé. Bí ẹnì kan bá dé ìpàdé ẹbí tó ní, “Wọ́n gba ilẹ̀ mi,” kò sẹ́ni tó máa dájọ́ lórí ìyẹn nìkan. Wọ́n á bi í pé: ọdún wo ni? Ibo ni ààlà? Ta ló ṣojú rẹ̀? Ìgbà tó bá dáhùn tán ni ẹjọ́ rẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kó ní kí ọmọ ka ohun tó kọ sílẹ̀ fún òun lédè Yorùbá, kó sì máa bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń bèèrè nílé ẹjọ́.

Kò sì sí ìtìjú nínú kí ọmọ fi Yorùbá ṣe ìlapa èrò àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 6 gbáko nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá tò ní èdè abínibí, iṣẹ́ tó kù fún un ti dínkù.

Àwọn olùkọ́ á ní ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, àwọn kò lè ka ogójì àròkọ lọ́sẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ka ogójì ìpínrọ̀. Ìpínrọ̀ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìlapa èrò tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lókè rẹ̀, sàn ju àròkọ odindi tí gbogbo kíláàsì dà kọ lójú pátákó lọ. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kí olùkọ́ máa fún ìlapa èrò náà ní máàkì, kí àwọn òbí sì dẹ́kun bíbínú pé ìwé ọmọ kò kún. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe kò ní nílò ìbéèrè tó jáde lóru. Ìbéèrè yòówù kó pàdé, á ní ohun tó máa sọ.