Ọ̀RÀN ILÉ: ỌMỌBÌNRIN ÀTI JÚDÒ

Ìyá kan ní Ìkọ̀tún bi wá léèrè bí ó bá tọ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Jàpáánì. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ náà má baà di oníjà.

Olùkọ́ ni Jigoro Kano, ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882. A kì í ju ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, a kì í sì í tapá. Ẹni tí ó bá gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀ lórí ẹ̀yìn ni ó borí. Ẹni tí a bá sì dì mú tí kò lè fara dà á mọ́, kí ó fi ọwọ́ lu ẹní, a ó dá a sílẹ̀ lójú kan náà. Ìdíje Òlíńpíìkì gbà á wọlé ní 1964. Ní 1992 ni a tó gba àwọn obìnrin ní kíkún. A jà á ní Abuja pẹ̀lú, nígbà ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bí a ti í ṣubú láì fara pa ni ẹ̀kọ́ ìṣáájú nínú júdò. A sì ń tẹríba fún ẹni tí a ó bá jà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá parí.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ lọ fi ojú ara yín wo olùkọ́ náà àti ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé. Bí ó bá ṣe orí símẹ́ńtì lásán ni, ẹ mú ọmọ yín kúrò. Bí ẹní tí ó nípọn bá wà, tí olùkọ́ sì ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ tí ó mọ bí a ti í ṣubú, tí ó sì mọ ìtẹríba, ìjà kì yóò yá a lára.