Ìgò Àjẹsára Kan fún Àdúgbò Kan: Ọ̀rọ̀ Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé ní Àgọ́ Palace

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé Àgọ́ Palace, Èkó, tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àrùn lúkúlúkú kì í pẹ́ wọlé. Adìẹ á máa sín, á máa lanu mí, ọ̀fun rẹ̀ á máa dún. Ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, ọrùn òmíràn á lọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ilé adìẹ lè ti dahoro.

Kí là ń ṣe sí i? Kápúsù tetracycline là ń tú sínú omi. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa lúkúlúkú, kápúsù kò sì ràn án. Owó á gbé, oògùn á sì wọnú ẹyin tí a ó dín fọ́mọ jẹ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo adìẹ tó ń sín ni lúkúlúkú mú. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tí ikun imú rẹ̀ ń rùn, ó lè jẹ́ àrùn tí oògùn ń wò. Àmọ́ dókítà ẹran ló lè mọ ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń kiri oògùn.

Láti nǹkan bí ọdún 1952 ni wọ́n ti rí lúkúlúkú n'Ìbàdàn. Àjẹsára rẹ̀ kò sì jìnnà: iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀kán kan lójú adìẹ ti tó. Bó bá di oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, a tún un kán.

Kí ló wá dé tí adìẹ wa ṣì ń kú? Ìgò àjẹsára kan tó ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣeé fi dọ̀la. Ta ló ní adìẹ mẹ́fà tí yóò ra ìyẹn? Ibi tútù ni àjẹsára náà sì ń gbé, iná wa kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ka adìẹ tó wà níbẹ̀, kí oníkálukú dáwó níwọ̀n iye tirẹ̀, kí a sì kán an fún gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n tó jáde. Kí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Isolo pèsè fíríìjì àti dókítà ẹran. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka ìdàgbàsókè ọ̀gbìn mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí. Ní tiwa, kí a má ṣe ta adìẹ tó ń ṣàìsàn, kí a má sì ju òkú rẹ̀ sí kánààlì. Ká gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ká sin ín. Adìẹ tuntun láti ọjà, ká so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹnìkan á ní, "Adìẹ mélòó ni, tíjọba fi máa dá sí i?" Ẹ jẹ́ ká rántí pé àrùn adìẹ lè di ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ní February 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí àrùn ibà adìẹ H5N1 ti fojú hàn, ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní January 2007, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 22 kan nílùú Èkó. Àjẹsára lúkúlúkú kò dènà ìyẹn, àmọ́ dókítà tó ń wá sí àdúgbò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò tètè mọ̀ bí adìẹ bá ń kú lójijì.

Bí ìpàdé onílé bá tún jókòó, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú wọn, kí ẹ sì mú iye adìẹ yín lọ́wọ́.