Ìyá Tí Ó Sanra

Ẹ̀yin ìyá wa, bí obìnrin bá sanra, a ó sọ pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, ọ̀rá ara a máa pèsè èròjà kan tí ó lè mú jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ọmọ dàgbà. Nítorí náà, ẹ dín ẹ̀bà òru àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù.

Wọ́n ní ọtí dúdú ń fún obìnrin ní ẹ̀jẹ̀. Èmi kò gbà! Ọtí, kékeré rẹ̀ pàápàá, a máa fi kún ewu jẹjẹrẹ ọmú.

Ṣùgbọ́n obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mutí náà lè ní i. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan kókó ní ọmú, kí ó má ṣe dúró ti àgbo. Kí ó tọ dókítà lọ lọ́sẹ̀ yìí.