Nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpútà yín, ta ló ń kà á?

Bí olè bá jí mọ́tò gbé, ó lè kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, ó lè yọ nọ́ńbà ara ẹ̀ dànù kó sì lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáàsì ló máa tú àṣírí. Kọ̀ǹpútà náà ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kódà wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan wà lára díìsìkì tó ń kó iṣẹ́ pamọ́, òmíràn wà lára káàdì tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló ti kọ ọ́ sí wọn lára kí wọ́n tó dé ọjà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti mọ́tò ni pé kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ètò tẹ́ ẹ gbé sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní software, lè ka nọ́ńbà náà wéré, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú ẹ̀ ò sì ní í mọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Ilé-iṣẹ́ Intel ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilé agbọ́n. Àwọn ló ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú ẹ̀. Lọ́jọ́ 20, oṣù kìn-ín-ní, ọdún náà, wọ́n kéde pé Pentium III táwọn fẹ́ẹ́ gbé jáde yóò ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí software lè kà, kò sì ní í sí méjì tó jọra. Wọ́n ní ire ni. Bí èèyàn bá fẹ́ rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́jà á mọ̀ pé kọ̀ǹpútà oníbàárà òun nìyí lóòótọ́, ẹlòmíràn ò lè fi orúkọ ẹ̀ lu jìbìtì.

Ó dùn létí o, àmọ́ àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ò gbà. Wọ́n ní bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù téèyàn bá yà sí bá ń ka nọ́ńbà kan náà, ìwé ni wọ́n kàn máa kó pọ̀, wọ́n á sì mọ gbogbo ibi tó rìn dé, ohun tó rà àti èyí tó kàn wò lásán. Ẹgbẹ́ EPIC àti Junkbusters ní káwọn èèyàn má ra ọjà Intel mọ́. Àkọlé 'Intel Inside' tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, wọ́n yí i sí 'Big Brother Inside', ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣọ́ yín tọ̀sántòru ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni Intel fi lè dúró, wọ́n ní ó ti tó, àwọn á ti nọ́ńbà náà pa, ẹni tó bá wù kó ṣí i fúnra ẹ̀. Oṣù kejì ò tíì parí tí ìwé ìròyìn c't ti ilẹ̀ Jámánì fi tú u fó pé software lè ṣí ohun tí wọ́n láwọn ti pa, tí olówó ẹ̀ ò ní í mọ̀. Nígbà tí Pentium 4 máa jáde lọ́dún 2000, Intel ti yọ nọ́ńbà náà kúrò.

Ti Microsoft ló wá burú jù, nítorí Intel sọ tiẹ̀ síta, àwọn yìí ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Richard Smith, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Phar Lap Software nílùú Cambridge, ní Massachusetts, ló rí i lóṣù kẹta ọdún 1999 pé béèyàn bá fi Word 97 kọ lẹ́tà, níṣe ni Word máa rọra mú nọ́ńbà káàdì kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, á sì fi í pamọ́ sínú lẹ́tà náà níbi tójú ò ti lè rí i. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kọ lẹ́tà láìfọwọ́ sí i, tẹ́ ẹ fi ń tú àṣírí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń wò á rí kọ̀ǹpútà tó ti jáde! Smith tún rí i pé béèyàn bá ń forúkọ Windows 98 ẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà yẹn ń lọ sọ́dọ̀ Microsoft, bí onítọ̀hún tilẹ̀ láwọn ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òun ránṣẹ́. Microsoft ní àṣìṣe ni, wọ́n sì ṣe ètò tó ń nù ún kúrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé sígbà náà tí Melissa fi dé. Kòkòrò kọ̀ǹpútà ni Melissa, wọ́n ní orúkọ oníjó kan ní Florida ni wọ́n fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Fúráìdeè, ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ẹnì kan gbé ìwé Word kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé sí àwọn ojúlé oníhòòhò ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ọkùnrin sáré ṣí i, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣí i ni kọ̀ǹpútà wọn fi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí èèyàn àádọ́ta tí orúkọ wọn ṣáájú nínú ìwé àdírẹ́sì wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó bá ṣí i, àádọ́ta mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pa ẹ̀rọ lẹ́tà wọn.

Richard Smith yìí kan náà wo inú ìwé Melissa, ó sì bá nọ́ńbà pamọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá a lọ wá a bọ̀, wọ́n rí irú ẹ̀ nínú ìwé ẹnì kan tó ń ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà, tó ń pe ara ẹ̀ ní VicodinES. Ariwo ta pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá ìwé sílẹ̀ ni nọ́ńbà Word ń sọ. Bí ẹlòmíràn bá gba ìwé náà, tó pa ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ rẹ́ tó kọ tiẹ̀ sí i, nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́ á ṣì wà níbẹ̀, bí ẹní wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù ṣiṣẹ́ ibi.

Àkọsílẹ̀ AOL àti ti tẹlifóònù ló gbé àwọn ọlọ́pàá New Jersey dé ọ̀dọ̀ David L. Smith, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó lo àkáǹtì AOL olóhun fi tan Melissa ká. Wọ́n mú un lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin. (Orúkọ ló jọra, òun àti Smith àkọ́kọ́ kì í ṣe ìbátan.) Ó jẹ́wọ́ kí ọdún náà tó parí, pé òun ba nǹkan tó ju 80 mílíọ̀nù dọ́là lọ jẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2002, adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 20, ó sì ní kó san 5,000 dọ́là. Ká ní nọ́ńbà nìkan ni wọ́n gbé tẹ̀ lé ńkọ́, ilé ta ni wọn ì bá já sí?

Ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ni tó ń ra kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà, fetí sílẹ̀. Ẹ lè pa gbogbo ohun tí olówó ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó sínú ẹ̀ rẹ́, nọ́ńbà díìsìkì àti ti káàdì ò ní í tìtorí ìyẹn kúrò. Àwọn ọ̀jáfáfá sì wà tí wọ́n lè fi software mú káàdì tiwọn pe nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Ti fóònù ńkọ́? Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà oní-15 tó máa jáde ni ti ẹ̀rọ ọwọ́ yín. Láti Android 10, tó jáde lọ́dún 2019, àwọn ètò téèyàn kàn gbé sórí fóònù fúnra ẹ̀ ò lè ká a mọ́. Ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lo síìmù wọn ṣì ń rí i.