Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Kó Òṣìṣẹ́ Sórí Rẹ̀

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń wí pé ìnákúnàá ni owó àyẹ̀wò ilẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í mì ní Nàìjíríà. Àwa ní irọ́ ni! Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, 1984. Ní 2016, ìròyìn kàn pé ó mì ní Ṣakí, ní Òkè-Ògùn wa níbí. Ní Accra, ní 1939, ó pa ènìyàn.

A kò sọ pé Kìṣí fẹ́ rì. Ilẹ̀ olókùúta ni tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn dírẹ́bà wa ń já ẹrù l'Ékòó, àwọn ọmọ wa sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lórí iyanrìn tí wọ́n fà láti inú omi. Bí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kò bá dì, tí omi kún inú rẹ̀, tí ilẹ̀ wá mì gidigidi, omi á gba ẹrù lọ́wọ́ hóró iyanrìn. Omi kò sì lè ru ilé. Ilẹ̀ á di ògì. Ní Niigata ní ilẹ̀ Japan, ní 1964, odidi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dùbúlẹ̀ láìfọ́. Ilé kò ṣẹ̀, ilẹ̀ ló dà á.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í ṣe awo. Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á máa ju òòlù kílò 63.5 láti òkè sẹ̀ǹtímítà 76 lu irin wọlẹ̀. Wọ́n á ka iye ìgbà tó lù kí irin tó wọ sẹ̀ǹtímítà 30 ìkẹyìn. Bí iye náà bá kéré, iyanrìn náà rọ̀. Wọ́n sì tún lè fi ẹ̀rọ ti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wọn bí ilẹ̀ ṣe ń kọ̀ ọ́. Láti 1971 ni Seed àti Idriss ti fi ọ̀nà ìṣírò ewu yìí han ayé. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ kó dì, tàbí kí wọ́n ri òpó dé ibi tó le.

Bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ mì, ẹ̀rọ ńlá tó ń gbọ̀n tọ̀sán-tòru lè mú iyanrìn tí kò dì rì, kí ìpìlẹ̀ sì sán. Ta ló wà lábẹ́ òrùlé náà? Ọ̀gá ni, àbí àwa?

Ohun tí a ń béèrè nìyí: kí wọ́n tó kó wa wọ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìkẹ́rù tuntun lórí iyanrìn, kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀, tí ẹnjiníà tó gba ìwé àṣẹ fọwọ́ sí, han aṣojú ẹgbẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ béèrè ìwé! Ẹ má wọlé láìrí i!

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.